Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú: omi, sítáàṣì, àmì aṣọ àti owó

Àjòjì_Pàràkìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ṣakí ni mo ti wá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ kan ní Pàràkìn ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU àti òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kó aṣọ wá. Omi kànga ni mo ń lò, iná náà kò sì dúró sójú kan. Kí ló ń mú kí aṣọ funfun máa pọ́n lẹ́yìn tí Hypo bá kàn án, nígbà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń po sítáàṣì gíní tí kì í fi ẹfun sára aṣọ? Báwo sì ni ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí ṣe ń ṣètò iṣẹ́ yìí tí aṣọ ẹnikẹ́ni kò fi ní sọnù, tí owó á sì ṣẹ́kù láti fi ránṣẹ́ sílé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ iye ṣíbí àti iye lítà fún mi.

Alágbàfọ̀_Lágere
Káàbọ̀, àbúrò. Omi ni ká kọ́kọ́ yanjú. Aṣọ tó ń pọ́n lẹ́yìn Hypo, irin ló wà nínú omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Irin yẹn ti yọ́ pátápátá, ìdí nìyẹn tí omi fi mọ́ kedere nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Bí atẹ́gùn bá kàn án fún wákàtí mélòó kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n díẹ̀díẹ̀, ìdọ̀tí pupa á sì sọ̀ sísàlẹ̀ korobá. Ohun tí atẹ́gùn ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe, Hypo á ṣe é lójú ẹsẹ̀. Á sọ irin náà di ìdógùn-ún, ìdógùn-ún á sì lẹ̀ mọ́ òwú. Bí èèyàn bá wá fi Hypo kún Hypo pé kó lè mọ́, ṣe ló ń kùn ún.

Dán omi rẹ wò. Bù ú sínú ife funfun méjì, kán Hypo bí ẹ̀kán mẹ́wàá sí ọ̀kan, kí o fi ìkejì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, gbé méjèèjì sójú ìmọ́lẹ̀. Bí èyí tó ní Hypo bá ti ní àwọ̀ omi tíì, má fi omi yẹn kan aṣọ funfun láìkọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ nìyí: fa omi sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, máa dà á láti inú korobá kan sí òmíràn láti òkè wá, kó máa hó, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Lọ álọ́ọ̀mù kúnná. Ṣíbí tíì kan tí kò kún gègèrè tó fún lítà 100. Rò ó fún ìṣẹ́jú méjì, dé e, má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òwúrọ̀. Òkè ni kí o ti máa bù ú. Bí ìdá mẹ́wàá rẹ̀ bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀, dà á nù. Omi òjò dára jù ú lọ fún ìṣanṣọ funfun, ṣùgbọ́n jẹ́ kí òjò fọ òrùlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀. Páànù àtijọ́ tó ti dógùn-ún pọ̀ ní Ifẹ̀, torí náà fi aṣọ tó nípọn sẹ́ ẹ.

Èyí tó ti pọ́n ńkọ́? Fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, bu iyọ̀ lé e, sá a sóòrùn fún wákàtí kan, ṣan án dáadáa. Kò gbọdọ̀ sí Hypo lára aṣọ náà nígbà tí ọsàn bá kàn án. Hypo àti ohunkóhun tó kan, ìbáà ṣe ọsàn, fínígà tàbí ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá, bí wọ́n bá pàdé, gáàsì tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà ló ń ti ibẹ̀ jáde. Nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó, nǹkan ńlá ni.

Ìyá_Sùtánà
Ọkọ mi ará Lágere, ẹ ṣeun. Iléṣà ni èmi wà, sùtánà ìjọ aláṣọ funfun sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi bí a ṣe ń tò ó tẹ̀lé ara wọn kún un.

Ọmọ mi, ọṣẹ ló ń ṣíwájú Hypo, nítorí ìdọ̀tí máa ń jẹ agbára Hypo tán kó tó kan aṣọ. Rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbo ọrùn, abíyá àti etí ọwọ́, ṣan án lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yìn náà lo wá po Hypo: ṣíbí ìjẹun mẹ́rin sínú omi tútù lítà 10. Po ó pọ̀ kí aṣọ tó wọ inú rẹ̀. Bí o bá da Hypo lé aṣọ lórí láìpò ó, ojú ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ya. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti pọ̀ jù. Ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Hypo tó bá ṣẹ́kù sára aṣọ kì í hàn lọ́jọ́ náà, ìgbà tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án ló ń di pupa rẹ́súrẹ́sú.

Wo àkọlé inú ọrùn aṣọ tàbí kí o fọwọ́ fà á. Bó bá ń nà bíi rọ́bà, tàbí tó jẹ́ sílíìkì tàbí irun àgùntàn, má fi Hypo kàn án rárá.

Búlúù ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ọṣẹ àti Hypo ti kúrò pátápátá. Di í sínú àkísà mímọ́, fún un sínú omi títí tí omi tí o bù sí àtẹ́lẹwọ́ á fi dà bí ojú sánmà. Tú aṣọ sílẹ̀ gbalaja kí o tó rì í, gbé e sókè gbé e sódò lẹ́ẹ̀mẹta, yọ ọ́. Aṣọ tó bá sùn sínú omi búlúù á ní ìlà, torí búlúù ń sọ̀ sísàlẹ̀.

Aláṣọ_Wọ́ọ̀dù
Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Níwọ̀n ìgbà tí oníbàárà àbúrò wa ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, àbàwọ́n ni màá sọ̀rọ̀ lé.

Ẹ̀jẹ̀: omi tútù nìkan, pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀ bó bá ti gbẹ. Omi gbígbóná ń sè é mọ́ aṣọ bí ẹyin ṣe ń dì nínú ìkòkò, kò sì ní jáde mọ́. Wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ya kóòtù wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ ilé, má gbọ̀n ọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ tán, ìgbà yẹn lo lè fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sì fi Hypo parí rẹ̀.

Áyódíìnì, oògùn egbò: èyí máa ń dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí lórí kóòtù tó ní sítáàṣì, ó ń di dúdú bíi aró. Sítáàṣì àti áyódíìnì ló pàdé. Lọ fítámìn C funfun méjì kúnná, po ó mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ìdajì ife, dà á sójú àbàwọ́n náà. Wàá rí i tó ń ṣí kúrò lójú rẹ. Fítámìn C aláwọ̀ ọsàn kò dára fún un, nítorí ó ní àwọ̀ tirẹ̀. Ṣan án dáadáa kí Hypo tó kàn án.

Bírò: tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀, fi òwú tí o rì sínú sípíríìtì máa tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn aṣọ, kí tádàwà jáde sínú àkísà. Bí o bá ń gbo ó, ṣe lo ń tẹ́ ẹ lọ. Máa yí àkísà náà padà. Jẹ́ńṣọ̀nù, oògùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń pa egbò: sípíríìtì náà ni, bó bá sì jẹ́ òwú funfun, Hypo ni yóò parí ìyókù.

Epo pupa: ọṣẹ ìfọwo lórí aṣọ gbígbẹ, kí omi tó kàn án, lẹ́yìn náà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Sá a sóòrùn. Ìyẹn náà ń pa àwọ̀ epo pupa. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti gbẹ kò ṣeé ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, sọ fún oníbàárà kí o tó gba aṣọ náà.

Bàbá_Gíní
Sítáàṣì ni wọ́n bi, òun ni mo wá bá lọ.

Bí o bá ń ra sítáàṣì gbágùúdá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe gààrí, gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń kan, bu omi lé e, pò ó, jẹ́ kó sọ̀, da omi orí rẹ̀ nù. Tún un ṣe títí òórùn náà á fi lọ, kí o sá a gbẹ. Sítáàṣì tó kan ni aṣọ fi ń rùn lára oníbàárà nígbà tó bá ń làágùn.

Òṣùwọ̀n: ṣíbí ìjẹun mẹ́rin tó kún, sínú omi tútù ife kan. Rò ó títí kò fi ní sí kókó. Se omi lítà kan, kó hó gan-an, kó má kàn gbóná lásán. Da omi híhó yẹn sínú èyí tí o ti pò, máa rò ó láìdáwọ́ dúró. Á ki, á sì kúrò ní funfun bíi wàrà, á di ohun tí èèyàn ń rí ọwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Ibí yìí ni ẹfun tí o bèèrè wà, àbúrò. Sítáàṣì tó ṣì funfun kò tíì jinná, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ ló ń jókòó sára aṣọ dúdú. Gbé e padà sórí iná títí yóò fi jinná. Lẹ́yìn náà, sẹ́ ẹ. Bí o bá da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú omi gbígbóná, kókó ni wàá bá, kò sì sí asẹ́ tó lè tún un ṣe.

Èyí ni ìyá sítáàṣì. Fún agbádá gíní, ìwọ̀n kan rẹ̀ sí omi ìwọ̀n kan. Kóòtù wọ́ọ̀dù, ọ̀kan sí mẹ́ta. Ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan sí mẹ́rin. Àǹkárá, ọ̀kan sí márùn-ún. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú omi ìṣàn jáde, tí o fún dáadáa, ni kí o rì sínú rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ kì í mu ún dọ́gba, ibì kan á le bíi páálí, ibòmíì á rọ̀. Aṣọ dúdú, yí inú rẹ̀ síta kí o tó rì í. Sá a títí yóò fi gbẹ ganrangan. Bó o bá fẹ́ lọ̀ ọ́, wọ́n omi sí i, ká a jọ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí omi rìn yí ká. Bí o bá lọ̀ ọ́ nígbà tí omi ṣì pọ̀ lára rẹ̀, sítáàṣì á lẹ̀ mọ́ ojú áyọ́ọ̀nù, á jó, á sì tẹ àbàwọ́n pupa sára aṣọ tó kàn. Ojú áyọ́ọ̀nù tó ti lẹ̀, da iyọ̀ sórí ìwé, gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná gba orí rẹ̀ lọ gba orí rẹ̀ bọ̀. Ojú iṣẹ́ ọnà agbádá, dà á délẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o lọ̀.

Bí sítáàṣì bá ń hó, já àbẹ́là bí èékánná ọmọdé sínú rẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù máa yọ̀.

Aṣọ òkè, má rì í sómi, má fi sítáàṣì sí i. Aṣọ tí oníbàárà bá sì fẹ́ tọ́jú sínú àpótí di ọdún tó ń bọ̀, dá a padà láìní sítáàṣì, torí aáyán àti eku ń jẹ ẹ́.

Ìyá_Sùtánà
Bàbá, àbẹ́là dára lára gíní, ṣùgbọ́n kò bá sùtánà mu. Bó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ojú kan á máa dán bí ẹni pé epo kán sí i, kì í sì jáde lọ́jọ́ kan. Fún funfun, kí ó fi í sílẹ̀.

Bàbá_Gíní
Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ìyá, fún funfun.

Àjòjì_Pàràkìn
Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ṣé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" lè gbé áyọ́ọ̀nù?

Alágbàfọ̀_Lágere
Kò lè gbé e. Irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀, bíi wátì 650 ló lè gbé tí kò ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Áyọ́ọ̀nù tí kì í tu ooru omi ń gba wátì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó ń tu ooru omi sì ń gbà ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí o bá fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́, wáyà inú jẹnẹrétọ̀ ló ń jó. Ẹ̀rọ tó lè gbé wátì 2,000 sókè ló yẹ ọ́. Kí owó rẹ̀ tó pé, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni.

Tan èédú náà síta, jẹ́ kó pọ́n, kó bo eérú, kí èéfín rẹ̀ tán, kí o tó kó o sínú áyọ́ọ̀nù. Bí o bá fẹ́ fẹ́ ẹ, gbé e jìnnà sí tábìlì, torí eérú kan ṣoṣo ló ń ba ṣẹ́ẹ̀tì funfun jẹ́. Kọ́kọ́ gbé e gba orí àkísà tútù kó tó kan aṣọ. Fún aṣọ dúdú, tẹ́ aṣọ funfun tó lómi díẹ̀ lé e, kí ó má baà máa dán.

Bí o bá ń sùn sínú ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ mi dáadáa: èédú tó ṣì pọ́n kò gbọ́dọ̀ sùn sínú yàrá pẹ̀lú rẹ, kódà bó bá ti bo eérú, tí kò sì rú èéfín mọ́. Gáàsì tó ń tú jáde kò ní òórùn, ojú oorun ló sì ń pa èèyàn. Da omi lé e, kí o gbé e síta.

Oníṣirò_Modákẹ́kẹ́
Ẹ kú ìjókòó. Ètò àti owó ni tèmi.

Ní Ṣakí, bí aṣọ bá sọnù, wọ́n mọ ilé bàbá rẹ. Níbí, ìwé rẹ ni onígbọ̀wọ́ rẹ. Rà ìwé onílà ńlá kan. Níṣojú oníbàárà ni kí o ti ka aṣọ, kí o kọ ọjọ́, orúkọ, fóònù, irú aṣọ, àwọ̀ rẹ̀, àti àlébù tó bá wá pẹ̀lú rẹ̀: bọ́tìnì tó já, sípù tó kú, ibi tó ya. Yẹ gbogbo àpò wò níṣojú rẹ̀. Bírò kan tó kù sínú àpò lè ba aṣọ mẹ́wàá jẹ́ nínú omi kan náà. Kí òun náà fọwọ́ sí i.

Àmì: gé aṣọ funfun pẹlẹbẹ bí ìka ọwọ́ méjì, fi tádàwà tí kì í ṣí kọ nọ́ńbà oníbàárà àti iye aṣọ sí i. Bí 47 bá kó aṣọ mẹ́fà wá, 47/1 títí dé 47/6 ni. Fi pín-ìnnì so ó mọ́ inú ọrùn tàbí ìbàdí.

Aṣọ tó ń ṣí ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ádìrẹ àti jíǹsì tuntun, rin igun kan nínú etí aṣọ, fi àkísà funfun tẹ̀ ẹ́. Bí àwọ̀ bá jáde, òun nìkan ló máa wọ omi tútù, kíákíá, má sì rẹ ẹ́.

Kí o tó mọ iye tí wàá gbà, ṣírò 20 ṣẹ́ẹ̀tì: omi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà tàbí méje (ìfọ̀ kan, ìṣàn méjì, láìka omi Hypo), ọṣẹ ẹlẹ́bú bíi gíráàmù 300, Hypo, sítáàṣì, èédú tàbí epo jẹnẹrétọ̀, ọ̀rá ìdìṣọ. Fi ìpín owó ṣọ́ọ̀bù kún un: owó oṣù kan, pín in sí iye aṣọ tí o ń fọ̀ lóṣù, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po 20. Pín àpapọ̀ rẹ̀ sí 20, kí o wá fi owó ọwọ́ rẹ lé e. Ọ̀pọ̀ ló ń wo iye tí aládùúgbò ń gbà, wọn kì í sì mọ̀ pé aládùúgbò kì í ra omi.

Bá onílé sọ̀rọ̀ omi kí o tó sanwó. Ẹni tó ń fa kẹ́ẹ̀gì 15 lójúmọ́ nínú kànga tí ìdílé mẹ́fà jọ ń pọn kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi dojú kọ ọ́, àgàgà láàárín ọ̀gbẹlẹ̀. Omi ọṣẹ pẹ̀lú, gbẹ́ kòtò tí o kó òkúta sí fún un, má jẹ́ kó ṣàn lọ sójú ilé ẹlòmíràn.

Má gbé gbogbo ara lé akẹ́kọ̀ọ́. Ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ní ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó wọlé padà. Wá òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan, ìjọ aláṣọ funfun kan, àti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń san lóṣooṣù. Àsìkò Ọlọ́jọ́, ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, iṣẹ́ funfun àti gíní máa ń ya wọlé. Ra sítáàṣì àti èédú sílẹ̀ ṣáájú. Ní Iléṣà, Ìwúde ìparí ọdún ni tiwọn.

Owó ilé: gbà á jáde lójoojúmọ́ sọ́wọ́ alájọ, má dúró de ìparí oṣù. Owó àṣansílẹ̀ oníbàárà kì í ṣe owó rẹ títí aṣọ á fi kúrò lọ́wọ́ rẹ.

Ìyá_Sùtánà
Oníṣirò, pín-ìnnì olówó pọ́ọ́kú ń dógùn-ún nínú omi, ojú rẹ̀ á sì tẹ̀ mọ́ ọrùn aṣọ. Òwú ni kó fi rán an, abẹ́rẹ́ méjì péré, kó já a nígbà tí aṣọ bá ń lọ.

Ọmọ mi, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹni tó ń gbé ibi iṣẹ́ rẹ̀ yóò fẹ́ máa dáná níbẹ̀. Irú, ẹja gbígbẹ àti epo tó ń jó máa ń wọ aṣọ tó ní sítáàṣì, kì í sì jáde àfi kí o tún un fọ̀. Lẹ́yìnkùlé ni kí o ti máa dáná, kí o sì ti ilẹ̀kùn tó kọjú síbẹ̀.

Láàárín òjò, òórùn tútù ni àwọn èèyàn máa ń ráhùn lé. Ohun tó ń fà á ni kí aṣọ pẹ́ kó tó gbẹ. Fún un gidigidi, fi àyè ìbú ọwọ́ sáàárín aṣọ kan sí èkejì lórí okùn, ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra, kí o tan fáànù bí iná bá wà. Má gba aṣọ ju èyí tí okùn rẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan lọ. Èyí tó ti ń rùn, tún un fọ̀ nínú omi gbígbóná bó bá gbà á, kí o fi fínígà ife kan sínú omi lítà 10 tí o máa fi ṣan án kẹ́yìn. Hypo kò gbọdọ̀ sí nínú aṣọ yẹn.

Àjòjì_Pàràkìn
Ọlọ́run á san án fún yín. Ó ku ẹyọ kan: aṣọ tí wọ́n kó wá tí wọn kò padà wá gbà, àti àwọn tó ń gbé aṣọ lọ pé àwọn á fowó ránṣẹ́.

Oníṣirò_Modákẹ́kẹ́
Kọ ọ́ sára rìsíìtì kí ó tó ṣẹlẹ̀: iye oṣù tí o ń tọ́jú aṣọ, àti owó ìtọ́jú lẹ́yìn ìyẹn. Oṣù mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wa ń kọ. Bó bá pé, pè é, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kọ ọjọ́ tí o pè sínú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí ẹ̀kọ́ lè ti wà ní ìpínlẹ̀ míì. Bí o bá bi í, ó lè ní kí o kó o fún awakọ̀ tó ń lọ sílùú òun. Yọ sítáàṣì rẹ̀ kí o tó dì í, torí yóò rún nínú ọkọ̀ lọ́nàkọnà.

Ìyá_Sùtánà
Ti àwìn, ìlànà tèmi kò le. Owó ìdajì nígbà tí aṣọ bá wọlé, ìyókù kí aṣọ tó jáde. Ẹni tó bá ń san lóṣooṣù nìkan ni mo ń dá sí, orúkọ irú wọn kò sì gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Bí ẹnì kan bá ní òun á fowó ránṣẹ́, dúró kí aláàtì wọlé sórí fóònù tìrẹ kí o tó na aṣọ sí i. Èyí tó bá fi hàn ọ́ lórí fóònù tirẹ̀ kò tó.